Bí Ẹ Ṣe Lè Mu Ìlú Melnik Tán Lọ́jọ́ Kan Ṣoṣo

Melnik ni ìlú tó kéré jù ní gbogbo Bùlùgáríà. Ẹsẹ̀ àwọn òkè Pirin ló wà, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, kò jìnnà sí ẹnubodè Gíríìsì. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó 400, síbẹ̀ 96 nínú àwọn ilé wọn ni ìjọba kà sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, wáìnì wọn sì ti lókìkí tipẹ́tipẹ́. Bọ́ọ̀sì máa ń kó àlejò láti Sofia tó jẹ́ olú-ìlú lọ síbẹ̀ láàárọ̀, á sì kó wọn bọ̀ lálẹ́.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìlú ni wọ́n ń lọ wò. Àwọn yẹn ò nílò wa. Ẹ̀yin tí a kọ èyí fún mọ ohun tí ẹ fẹ́: kí ẹ lè sọ pé ẹ ti débẹ̀, kí ẹ ti mu ún, kí fọ́tò sì wà. Ó ṣeé ṣe. Ẹ tẹ̀lé ìlànà yìí ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, ẹ má fo ọ̀kankan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yan ìrìn-àjò tí orúkọ pọ̀ nínú rẹ̀ jù

Láti Sofia dé Melnik tó nǹkan bí 180 kìlómítà. Tí a bá ka àlọ àti àbọ̀, ọ̀nà nìkan á gba bíi wákàtí márùn-ún lọ́wọ́ yín. Ẹni tí kò lóye á ní kí òun fi ìyókù ọjọ́ wo Melnik. Ẹ̀yin, ẹ wá ilé-iṣẹ́ tó máa kó ilé àwọn mọ́ǹkì tó wà ní Rila, ìlú Melnik, ilé àwọn mọ́ǹkì ti Rozhen, àti Rupite níbi tí wọ́n sin Baba Vanga aríran sí, pọ̀ sínú ọjọ́ kan náà. Ẹ má ka wákàtí, orúkọ ni kí ẹ kà.

Ilé Rila ti wà láti ọ̀rúndún kẹwàá, àjọ UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé láti 1983. Ogún ìṣẹ́jú ti tó fún un. Ẹ fi márùn-ún wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ fi mẹ́wàá ya fọ́tò, ẹ fi márùn-ún tó kù wá ibi tí bọ́ọ̀sì wà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ múra bó ṣe yẹ

Òkúta ni wọ́n tò sójú ọ̀nà ní Melnik. Ibi tí kò bá sí òkúta, iyanrìn ni. Bàtà tó bá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mu ni èyí tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga tó sì tinrín. Tó bá jẹ́ ọkùnrin ni yín, ẹ wá bàtà aláwọ tuntun tí ẹ ò tíì wọ̀ rí. Aṣọ funfun ni kí ẹ wọ̀. Wáìnì pupa lẹ ń lọ mu, ẹ ó sì fẹ́ kí ẹ̀rí wà.

Ẹ má jẹun kúrò nílé. Bí ẹ bá rí banitsa ní Sofia, ìyẹn ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ká ẹyin àti wàràkàṣì sí nínú tí wọ́n wá yan, tó ń gbóná fẹlifẹli, ẹ gbójú kúrò. Oúnjẹ máa ń gba àyè ọtí.

Ní ti owó, Yúrò ni wọ́n ń ná ní Bùlùgáríà láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Nítorí náà, ẹ wá lev, owó wọn àtijọ́, dání. Bí ọlọ́jà bá kọ̀ ọ́, ẹ gbóhùn sókè. Ẹ jẹ́ kó yé e pé ẹ̀yin lẹ mọ owó ìlú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ sùn nínú ọkọ̀

Ẹ jókòó síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ amọ̀nà. Bó bá ti ń gbé makirofóònù, ẹ ki íápíìsì bọ etí. Á sọ̀rọ̀ nípa odò Struma tí ọ̀nà ń bá rìn. Á sọ̀rọ̀ nípa Kresna, níbi tí àwọn òkè ti fún ọ̀nà, odò àti ojú irin mọ́ra wọn. Tí ẹ bá ń kọjá lẹ́bàá ìlú Sandanski, á ní ère Spartacus wà níbẹ̀, pé agbègbè náà ni wọ́n sọ pé ẹrú tó gbógun ti Róòmù yẹn ti wá. Ẹ fi hanrun dá a lóhùn. Tí ẹ bá ta jí, ẹ béèrè pé, "Ṣé a ti dé ni?" Ẹ béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kéré tán.

Nígbà tó bá ku díẹ̀ kí ẹ dé, amọ̀nà á wá sọ kókó ọ̀rọ̀. Á ní ìjòyè kan tó ń jẹ́ Alexius Slav fi Melnik ṣe olú-ìlú ìjọba tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàlá. Á ní nígbà tó yá, lábẹ́ ìjọba Òtómánì, àwọn oníṣòwò wáìnì sọ ọ́ di ìlú ọlọ́rọ̀ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń gbé. Á ní Ogun Balkan ti 1912 sí 1913 wá dé, iná jó ìlú, àwọn ará Gíríìkì tó pọ̀ jù níbẹ̀ kó lọ, ìlú sì ṣófo. Á wá ṣàlàyé ìdí tí wọn ò fi pè é ní abúlé títí dòní bó ti wù kó kéré tó: ọ̀wọ̀ ohun tó ti jẹ́ rí ni wọ́n ń bù fún un.

Àkókò yìí gan-an ni kí ẹ fi pe ilé. Ẹ pariwo kí wọ́n lè gbọ́ yín lọ́hùn-ún: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo wà ní Bùlùgáríà o! Rárá, mi ò tíì mọ ibi tá a ń lọ."

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ orúkọ yín sílẹ̀

Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó rí òpópónà kan àti ipa odò tó sábà máa ń gbẹ. Àwọn ilé alájà wà lápá ọ̀tún àti òsì, ìsàlẹ̀ wọn òkúta, òkè wọn funfun. Lẹ́yìn wọn ni àwọn òkè iyanrìn dúró ṣóńṣó, àwọ̀ oyin, òmíràn ga tó 100 mítà. Òjò àti afẹ́fẹ́ ló gbẹ́ wọn bẹ́ẹ̀, wọn ò sì tíì ṣíwọ́. Píráḿídì ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ béèrè ọba tí wọ́n sin sínú èyí tó ga jù. Bí amọ̀nà bá ní kò sí ọba kankan níbẹ̀, pé òjò ló ṣe é, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ wá sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé ọmọ yìí ò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ kẹ̀yìn sí òkè, ẹ na fóònù sókè títí ojú yín á fi kún àwòrán náà bámúbámú. Bí ṣóńṣó òkè kan bá ṣì yọ létí yín, ẹ fa fóònù mọ́ra sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ gbẹ́ orúkọ yín sára òkúta. Ó rọ̀, kò ní gbà yín lásìkò. Òjò tó ń bọ̀ ló máa wẹ̀ ẹ́ dànù, nítorí náà ẹ gbẹ́ ẹ kó jìn, kó lè dúró di òjò kejì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Orí ni kí ẹ máa wò

Ní Bùlùgáríà, ẹni tó bá mi orí sọ́tùn-ún sósì ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá mi í sókè sódò ń kọ̀ ni. Àwọn mìíràn nínú wọn, tí wọ́n bá ti rí i pé àlejò ni yín, á yí i padà kó lè bá tiyín mu, ẹ ò sì ní mọ èyí tí wọ́n ń ṣe. Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Ẹ má fetí sí ẹnu.

Ẹ lọ bá màmá àgbàlagbà tó ń ta oyin níwájú ilé. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì béèrè bóyá ọ̀fẹ́ ni. Bí màmá bá mi orí sókè sódò, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gbé ìgò méjì. Bí wọ́n bá ń sáré tẹ̀ lé yín, inú wọn ló dùn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ wọ ilé Kordopulov, ẹ má wòkè

Ọdún 1754 ni wọ́n kọ́ ilé yìí fún oníṣòwò wáìnì kan tó jẹ́ ará Gíríìkì. Fèrèsé pọ̀ lókè rẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn kan ní gíláàsì aláwọ̀ mèremère, ìmọ́lẹ̀ á sì gba inú wọn kán sórí pákó ilẹ̀ ní pupa àti àwọ̀ ewé. Ẹ má wò ó. Ẹ béèrè ibi tí ọtí wà.

Abẹ́ ilé ló wà. Tí ẹ bá wọ ibẹ̀, òtútù á kọ lù yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí inú àpáta iyanrìn ni wọ́n gbẹ́ ọ̀nà tóóró-tóóró sí. Ẹ fọwọ́ kan ògiri, iyanrìn á kù sí yín níka. Ibẹ̀ á máa rùn ọ̀rinrin àti igi àgbá. Wọ́n ní ó lè gba 300 tọ́ọ̀nù wáìnì. Àwọn kan á dúró níbẹ̀, wọ́n á máa ro iye ọjọ́ tí ó gba àwọn tó fi ọwọ́ gbẹ́ irú ihò báyìí. Ẹ kọjá lára wọn. Ẹ máa fi ìka kan àgbá kọ̀ọ̀kan: kò, kò, kò. Bí ẹ bá kan èyí tó ṣófo, ẹ bá amọ̀nà wí. Ẹ bi í pé ta ló mu ún.

Ìgbésẹ̀ keje: Oúnjẹ ọ̀sán

Wọ́n á gbé sàláàdì shopska wá: tòmáàtì, kùkúḿbà àti ata, tí wọ́n rẹ́ wàràkàṣì funfun lé lórí. Àwọ̀ àsíá orílẹ̀-èdè wọn ló wà nínú àwo yẹn, funfun, ewé àti pupa. Ẹ dá a padà. Ẹ ní kí wọ́n bá yín sè é.

Wọ́n á gbé rakia tì í nínú ife kékeré. Èso ni wọ́n fi ń pọn ọtí yìí, ó mọ́ lójú bí omi, ó sì le débi pé díẹ̀díẹ̀ ni àwọn onílé ń fi bẹnu, pẹ̀lú sàláàdì, fún bíi wákàtí kan. Ẹ ti dá sàláàdì padà, nítorí náà kò sí ohun tó ń dá yín dúró mọ́. Ẹ gbé e mì káló. Ẹ béèrè òmíràn kí omijé tó gbẹ lójú yín.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Títọ́ wáìnì wò

A ti dé ibi tí ẹ tìtorí rẹ̀ wá. Shiroka Melnishka, ìyẹn àjàrà eléwé gbòòrò ti Melnik, ni àjàrà tó ni ìlú yìí. Afẹ́fẹ́ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tó ń gba àfonífojì Struma gòkè láti ìhà Gíríìsì ló bá a lára mu. Kì í tètè pọ́n. Ó máa ń di oṣù kẹwàá kí wọ́n tó ká a. Oníwáìnì á máa sọ gbogbo èyí bó ṣe ń bù fún yín. Díẹ̀ ló máa bù, kò ní tó ìdámẹ́ta gíláàsì. Ẹ wo gíláàsì, ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ ní, "Ìyókù ńkọ́?"

Àwọn tí ẹ jọ jókòó á gbé tiwọn sójú ìmọ́lẹ̀, wọ́n á fì í yípo, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á mu bíńtín, wọ́n á yí i lẹ́nu, wọ́n á wá tu ú sínú garawa kékeré orí tábìlì. Ẹ ṣàánú wọn. Èèyàn sanwó ọtí, ó wá ń tu ú dà nù. Tiyín rèé:

*Fífì.* Ẹ fì í kíkankíkan. Nígbà tó bá ta sí aṣọ ẹni tó jókòó tì yín, ó ti yípo tó.

*Òórùn.* Ẹ ti imú bọ̀ ọ́ títí dé egungun. Bí wọ́n bá béèrè ohun tí ẹ gbọ́, ẹ ní ọtí ni.

*Ìkíni.* Ẹ kígbe "Nazdrave!" Àṣà wọn ni pé kí èèyàn wo ẹni tí wọ́n jọ ń mu lójú bí gíláàsì bá ṣe ń kanra. Ẹ wo fóònù yín.

*Búrẹ́dì àti omi.* Wọ́n gbé wọn kalẹ̀ kí ẹ lè fi fọ adùn ọtí àkọ́kọ́ kúrò lẹ́nu kí ẹ tó kan èkejì. Ẹ fi omi ṣan ọwọ́. Ẹ fi búrẹ́dì nù ún.

*Garawa.* Bí wọ́n bá tì í sọ́dọ̀ yín, owó ọrẹ ni wọ́n ń gbà. Ẹ ju ẹyọ Yúrò méjì sí i. Bí ẹ bá rí i pé méjì ti pọ̀ jù, ẹ tọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ wá ṣéńjì yín.

Ẹ ti sanwó láti Sofia, nítorí náà ẹ ka gbogbo rẹ̀ sí àńjọ̀fẹ́, ẹ sì mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń dún gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Ẹ má dúró kí wọ́n bù fún yín mọ́.

Tí ẹ bá fi dé gíláàsì kẹrin, ẹ ti dọ̀gá. Ó tó àkókò láti kọ́ oníwáìnì níṣẹ́. Bó bá ní èyí tó wà lọ́wọ́ yín ti lo ọdún bíi mélòó kan nínú àgbá igi óákù, ẹ bá a kẹ́dùn. Ẹ ṣàlàyé pé nílé tiyín, ẹmu àárọ̀ ló ń dùn, tó bá fi di ọjọ́ kejì ó ti kan, kò sì sí adẹ́mu gidi tó máa fi tiẹ̀ pamọ́ di ọ̀túnla, áńbọ̀sì ọdún mẹ́ta. Ẹ gbà á níyànjú kó máa tètè tà á. Bó bá mi orí sókè sódò, ó ti gbà.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ fi ìtàn ìlú ṣèwà hù

Ìtàn kan wà tí àwọn amọ̀nà fẹ́ràn láti máa sọ ní Melnik: pé Winston Churchill, tó ṣolórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, máa ń ra 500 lítà wáìnì wọn lọ́dọọdún. Ẹlòmíràn lè béèrè ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀yin, ìṣirò ni kí ẹ ṣe. Bí a bá pín 500 lítà sí ọjọ́ 365, ó lé ní lítà kan lójúmọ́. Ọkùnrin yẹn ní ọdún gbáko. Ẹ̀yin ní títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ tètè.

Wọ́n tún máa ń sọ pé láyé àtijọ́, wáìnì Melnik ki débi pé aṣọ ìnujú ni wọ́n fi ń dì í gbé lọ. Àpọ́nlé ọjà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ dán an wò. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnujú sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ da gíláàsì kan sí i. Ẹ kó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ẹ so ó ní kókó, ẹ kì í bọ àpò ṣòkòtò funfun yẹn. Bó bá ń kán, wọ́n ti bu omi là á. Ẹ padà lọ bá oníwáìnì, kí ẹ fi ṣòkòtò hàn án.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Ẹ lọ sí Rozhen

Ẹ ti ṣe tán báyìí láti wọ ibi mímọ́. Ilé àwọn mọ́ǹkì ti Rozhen kò jìnnà sí Melnik, òun ló sì tóbi jù nínú irú rẹ̀ lágbègbè Pirin. Àwòrán àwọn ẹni mímọ́ wà lára ògiri rẹ̀ láti bíi 400 ọdún sẹ́yìn. Àwòrán Ìyá Jésù kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn olùjọsìn gbà pé ó ń ṣiṣẹ́ ìyanu.

Bí ẹ bá rí àkọlé pé kí ẹ má ya fọ́tò, ẹ pa ohùn kámẹ́rà, ẹ fi iná rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ fara ti ẹni mímọ́ tó bá sún mọ́ yín jù. Ẹ lọ síwájú Ìyá Jésù, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín gba orí fífọ́ kúrò. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú méjì. Bí orí ò bá tíì fúyẹ́, ẹ kọ ọ́ mọ́ ẹ̀sùn tí ẹ máa fi parí ìrìn-àjò yìí.

Nítòsí ibẹ̀ ni sàréè Yane Sandanski wà, ajàjàgbara tí wọ́n pa ní 1915. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ìlú tí ẹ sùn kọjá láàárọ̀. Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ bọ́ bàtà, ẹ wo gìgísẹ̀ tó ṣẹ́ kù.

Ìgbésẹ̀ kọkànlá: Ẹ rajà, ẹ padà

Ẹ ó rí wáìnì tí wọ́n kọ orúkọ àti ọdún sára ìgò rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó wà nínú ike omi lẹ́bàá ọ̀nà ni kí ẹ rà, lítà mẹ́wàá, kí ẹ sì kó o sínú báàgì tí ẹ máa gbé wọnú ọkọ̀ òfurufú. Òfin ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú ni pé nǹkan olómi inú báàgì ọwọ́ kò gbọdọ̀ ju 100 mílílítà lọ nínú ìgò kan. Bí òṣìṣẹ́ bá dá yín dúró, ẹ ní ẹ̀yin ọgọ́rùn-ún lẹ jọ ń lọ, àwọn tó kù ń bọ̀ lẹ́yìn.

Bọ́ọ̀sì á gbéra ní aago mẹ́rin. Ẹ dé níbẹ̀ nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago márùn-ún lù. Àwọn tó kù á ti jókòó pa, wọ́n á máa wò yín. Ẹ má tọrọ àforíjì. Ẹ gbé ike kan fún awakọ̀. Òfin Bùlùgáríà kò gbà kí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ kọjá gíráàmù 0.5 nínú lítà kan. Ẹ sọ fún un pé ẹ ó bá a mu èyí tó bá kọjá ìyẹn. Bó bá kọ̀, agbéraga ni. Ẹ pariwo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ títí dé Sofia.

Ìgbésẹ̀ kejìlá: Ẹ kọ ẹ̀sùn

Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí ẹ tó kọ ọ́. Ẹ fún ilé-iṣẹ́ tó kó yín lọ ní ìràwọ̀ kan nínú márùn-ún. Ẹ lè da ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kọ bó ṣe wà:

"Ìlú náà kéré jù. Lóòótọ́ wọ́n ti sọ pé òun ló kéré jù ní Bùlùgáríà, ṣùgbọ́n n ò mọ̀ pé á kéré tó báyẹn. Kò sí ọba kankan nínú píráḿídì wọn. Wáìnì wọn ti pẹ́ nílẹ̀. Ìyá olóyin sáré lé mi. Awakọ̀ wọn kì í ṣe èèyàn. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ìlú tó ti wà láti ohun tó lé ní 800 ọdún, ẹnì kan ò sọ ìtàn rẹ̀ fún mi."

Lọ́gán tí orí bá ti wálẹ̀, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ìrìn-àjò lọ sí ìlú Plovdiv. Àwọn ará Róòmù kọ́ gbàgede ìṣeré kan síbẹ̀, òkúta mábù ni ìjókòó rẹ̀, ó ṣì wà títí dòní. Ẹ mú ìrọ̀rí dání. Wọ́n ní ìtàn ibẹ̀ gùn, mábù sì máa ń le fún ẹni tó bá fẹ́ sùn.